Ìránṣẹ́, Ọ̀nà àti Olùgbà: Àgbéyẹ̀wò Ìlànà Ìwádìí Àléébù Sẹ́ńsọ̀ Ooru nínú Ẹ̀rọ Amúlétutù Ọkọ̀

Àṣamọ̀

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni ọ̀nà tí a ń gbà wádìí àléébù tí ó bá dé bá sẹ́ńsọ̀ ooru inú ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀, wáyà tí ó so mọ́ ọn àti kọ̀ǹpútà tí ń gba iṣẹ́ rẹ̀. A ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi ní kété tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò bá ti dárúkọ rẹ̀, àwọn mìíràn kò sì tilẹ̀ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ní gáàsì ló tán. A lo ìlànà àrokò Yorùbá láti ṣe àlàyé pé ẹni mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: ìránṣẹ́, ọ̀nà àti olùgbà. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé kò yẹ kí á pààrọ̀ ohunkóhun títí a ó fi gbọ́ ẹjọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A tún dábàá bí olùkọ́ ṣe lè fi ohun èlò tí kò wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì.

1.0 Ìfáàrà

Ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀, èyí tí tẹrú-tọmọ ń pè ní éèsì, kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ láwùjọ wa. Ọkọ̀ Packard ti ọdún 1940 ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a mọ̀ sí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí fún títà. Lónìí, agbára káká ni a fi lè rí ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí kò ní in. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ìwọ̀nba ni ohun tí ń bẹ láàárín awakọ̀ àti ẹ̀rọ náà: ó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń pinnu ìgbà tí ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí yóò sinmi. Kọ̀ǹpútà yìí kò ní awọ ara tí ó lè fi mọ òtútù tàbí ooru. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá rán sí i ni ó gbà, òun náà ni ó sì ń tẹ̀ lé.

Ibí yìí gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí éèsì bá kọ̀ tí kò tutù mọ́, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé gáàsì ti tán. Wọn a rọ gáàsì sí i. Bí kò bá yí padà, wọn a ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló kú, wọn a ra òmíràn. Bí ìyẹn náà kò bá ṣe é, wọn a wá so ọkọ̀ mọ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ á dárúkọ sẹ́ńsọ̀, wọn a sì sáré lọ sí ọjà láti ra sẹ́ńsọ̀ tuntun. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé wáyà kan tí ìpẹtà ti mú ni ó fa gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ti náwó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ohun tí kò bàjẹ́. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ọmọ-iṣẹ́ tí ó dúró tì ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ pé àbá dídá ni iṣẹ́ àtúnṣe. Ohun tí ó kọ́ yìí ni òun náà yóò fi kọ́ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni a ṣe lè mọ ẹni tí ó jẹ̀bi kí á tó náwó?

2.0 Àlàyé lórí àwọn ọ̀rọ̀-ìperí

Ó yẹ kí á ṣe àlàyé díẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò. Níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bá ti ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò, ọ̀rọ̀ wọn ni a ó lò, nítorí pé ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti lò ó. Sẹ́ńsọ̀ ni ohun kékeré tí a fi sínú ẹ̀rọ láti máa fura sí ìyípadà kan, bí ooru tàbí ìfúnpá. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ohun tí àwọn rìwáyà, ìyẹn àwọn tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ń pè ní bíréènì-bọ́ọ̀sì. Fólítì ni a fi ń wọn ipá tí ń ti iná. Óòmù ni a fi ń wọn ìdènà tí iná ń bá pàdé lọ́nà. Ẹ́ẹ̀tì ni wáyà tí iná ń gbà padà sí ìdí bátìrì. Kọ́ìlì ìtutù ni èyí tí ó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kí ó tó fẹ́ sí ojú awakọ̀. Mítà ni ẹ̀rọ onínọ́ńbà tí a fi ń wọn fólítì àti óòmù.

3.0 Ìlànà àrokò gẹ́gẹ́ bí òpó àlàyé

Kí ìwé kíkọ tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àrokò jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí àwọn baba ńlá wa fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà lókèèrè. Ìránṣẹ́ kò ní láti sọ ohunkóhun. Ohun tí ó gbé lọ́wọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó fẹ́ràn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn òun fà sí i, nítorí ẹ̀fà. Bí onítọ̀hún bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ, nítorí ẹ̀jọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á gbà pé ẹyọ mẹ́jọ ni a fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n okùn tí a fi so ó tú lójú ọ̀nà, méjì sì já bọ́. Mẹ́fà ni olùgbà yóò rí. Yóò túmọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ rẹ̀, ìtumọ̀ náà yóò sì tọ̀nà fún ẹyọ mẹ́fà, àmọ́ kì í ṣe ohun tí a rán sí i nìyẹn. Ẹni tí ó ránṣẹ́ kò purọ́, olùgbà náà kò sì gọ̀. Ọ̀nà ni ó ba iṣẹ́ jẹ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ rí. Sẹ́ńsọ̀ kì í pe nọ́ńbà ooru sí etí kọ̀ǹpútà. Fólítì ni ó fi ń ṣe àrokò. Wáyà àti ojú ìsopọ̀ ni ọ̀nà tí àrokò ń gbà. Kọ̀ǹpútà ni olùgbà tí ń túmọ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn ni pé àdéhùn àwùjọ ni ó fún àrokò ní ìtumọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé òfin ìṣẹ̀dá ni ó ń darí fólítì. Èyí dára fún wa, nítorí pé ohun tí òfin ń darí ṣeé wọ̀n.

4.0 Bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń ránṣẹ́

4.1 Ìdí tí kọ̀ǹpútà fi fẹ́ mọ ooru kọ́ìlì

Gáàsì tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti fún pọ̀ máa ń tú ooru rẹ̀ dà sílẹ̀ ní iwájú ọkọ̀, á sì di olómi. Nígbà tí ó bá dé inú kọ́ìlì ìtutù, ìfúnpá rẹ̀ á wálẹ̀ lójijì, á hó, á sì gba ooru lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tí ń kọjá lára kọ́ìlì. Omi inú afẹ́fẹ́ náà á sẹ̀ sára kọ́ìlì bí ìrì. Òun ni a ń rí tí ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tí éèsì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí kọ́ìlì bá tutù kọjá 0°C, omi yìí á di yìnyín, á dí ojú kọ́ìlì pa, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí ọ̀nà kọjá mọ́. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀ ni a ṣe ki sẹ́ńsọ̀ bọ inú kọ́ìlì. Bí ooru ibẹ̀ bá ti wálẹ̀ dé ìwọ̀n díẹ̀ lókè 0°C, kọ̀ǹpútà á dá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dúró. Bí ó bá tún gòkè díẹ̀, á dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, kọ̀ǹpútà kì í dá a dúró pátápátá, ṣe ni ó máa ń dín iṣẹ́ rẹ̀ kù.

4.2 Tẹ́mísítọ̀

Ohun tí ó wà nínú sẹ́ńsọ̀ yìí ni tẹ́mísítọ̀, ìyẹn ohun tí ìdènà rẹ̀ ń yí padà bí ooru bá ti ń yí padà. Ní ọdún 1833, Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé àdàpọ̀ fàdákà àti imí-ọjọ́ máa ń jẹ́ kí iná kọjá dáadáa sí i bí ó bá ti ń gbóná. Ohun tí ó ṣàkíyèsí yìí lòdì sí ìṣe irin bàbà, tí ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí ó bá ti ń gbóná. Irú ìwà tí Faraday rí yìí ni tẹ́mísítọ̀ inú éèsì ọkọ̀ ń hù: bí ó bá tutù, ìdènà rẹ̀ á pọ̀, bí ó bá gbóná, ìdènà rẹ̀ á dínkù.

4.3 Àrokò fólítì

Kọ̀ǹpútà máa ń fi 5 fólítì ránṣẹ́ gba inú rẹsítọ̀ kan tí ó wà nínú ara rẹ̀. Iná yìí á jáde sí sẹ́ńsọ̀, á sì gba ẹ́ẹ̀tì padà. Kọ̀ǹpútà á wá wo iye fólítì tí ó wà láàárín rẹsítọ̀ inú rẹ̀ àti sẹ́ńsọ̀. Òfin tí Georg Ohm ti ilẹ̀ Jámánì tẹ̀ jáde ní ọdún 1827 ni ó fi hàn wá pé ìdènà tí ó bá tóbi jù ni yóò gba ìpín fólítì tí ó tóbi jù.

Fún àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ kí á mú tẹ́mísítọ̀ kan tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 10,000 óòmù ní 25°C, kí rẹsítọ̀ inú kọ̀ǹpútà náà sì jẹ́ 10,000 óòmù. Ohun tí a ó rí fẹ́rẹ̀ẹ́ rí báyìí:

0°C: ìdènà 33,600 óòmù, àrokò 3.85 fólítì
10°C: ìdènà 20,200 óòmù; àrokò 3.34 fólítì
25°C: ìdènà 10,000 óòmù, àrokò 2.50 fólítì
50°C: ìdènà 3,600 óòmù, àrokò 1.32 fólítì

Àpẹẹrẹ ìkọ́ni ni èyí. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní iye tirẹ̀ nínú ìwé àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ, ìwé náà ni a sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé nígbà iṣẹ́. Ohun tí kì í yí padà láàárín irú sẹ́ńsọ̀ yìí ni pé fólítì gíga túmọ̀ sí òtútù, fólítì tí ó wálẹ̀ sì túmọ̀ sí ooru.

5.0 Ọ̀nà mẹ́rin tí iṣẹ́ fi ń bàjẹ́

Àkọ́kọ́ ni kí ọ̀nà já. Bí wáyà bá já tàbí tí orí wáyà bá yọ, kò sí ibi tí iná yóò gbà padà. Gbogbo 5 fólítì ni kọ̀ǹpútà yóò máa rí. Yóò túmọ̀ rẹ̀ sí òtútù líle koko, nǹkan bí 40 sísàlẹ̀ òdo, yóò sì kọ̀ láti tan kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń mú ganrínganrín níta, kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ gbà pé yìnyín ti bo kọ́ìlì.

Èkejì ni kí wáyà méjèèjì fẹnu kora, tàbí kí wáyà àrokò fara kan irin ọkọ̀. Fólítì á já sí òdo. Kọ̀ǹpútà á rò pé ooru kọ́ìlì kọjá bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ní ètò ìdáàbòbò, yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yìnyín yóò fi dí kọ́ìlì pa.

Ẹ̀kẹta ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù, òun ni àfikún ìdènà. Omi àti ìpẹtà lè wọ ojú ìsopọ̀, eku lè gé wáyà jẹ kù díẹ̀, tàbí kí ẹni tí ó fi rédíò sí ọkọ̀ ti gé wáyà kí ó sì lọ́ ọ pọ̀ lásán. Ká sọ pé ìpẹtà fi 10,000 óòmù kún ọ̀nà nínú àpẹẹrẹ wa òkè yìí. Ní 25°C gidi, àpapọ̀ ìdènà á di 20,000 óòmù, kọ̀ǹpútà á sì kà á sí 10°C. Bí kọ́ìlì bá wálẹ̀ dé nǹkan bí 12°C, kọ̀ǹpútà á rò pé ó ti dé 3°C, á sì dá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dúró. Ohun tí awakọ̀ yóò máa sọ ni pé, “Ó ń tutù díẹ̀, á tún daṣẹ́ sílẹ̀.” Àròyé yìí kan náà ni ẹni tí gáàsì ọkọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó máa ń ṣe, nítorí pé àìtó gáàsì náà lè mú kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ máa tàn kí ó máa kú. Ìdí nìyí tí a fi ń fẹ̀sùn kan gáàsì láìmọwọ́-mẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni kí ìránṣẹ́ sọ òtítọ́ láti ibi tí kò yẹ kí ó dúró sí. Bí sẹ́ńsọ̀ bá yọ kúrò láàárín kọ́ìlì, ooru afẹ́fẹ́ ni yóò máa sọ. Sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn ooru ìta, tí ó máa ń wà níwájú ọkọ̀, lè já kúrò lórí ìdúró rẹ̀ kí ó sì máa gba ooru rédíétọ̀. Nínú irú ọ̀ràn yìí, kò sí ohun tí mítà yóò rí lára sẹ́ńsọ̀ tàbí wáyà. Ojú ni yóò rí i.

6.0 Ìgbésẹ̀ ìwádìí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, “A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.” Òwe yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e yìí.

6.1 Gbígbọ́ àròyé àti fífi ojú wò. Kí oníṣẹ́ bèèrè ìgbà tí àléébù náà ń yọjú: ṣé ní òwúrọ̀ ni, ṣé nígbà òjò ni, tàbí nígbà tí ọkọ̀ bá ń fò lójú kòtò? Èyí tí ń wá tí ń lọ pẹ̀lú kòtò sábà máa ń jẹ́ ti ojú ìsopọ̀. Kí ó tan éèsì, kí ó fi ìwọ̀n ooru sí ẹnu ihò afẹ́fẹ́ àárín, kí ó sì kọ iye tí ó rí sílẹ̀. Kí ó wo wáyà àti orí wáyà kí ó tó tú ohunkóhun.

6.2 Kíka kóòdù. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè mú kóòdù jáde. Nínú àwọn kóòdù gbogbogbòò, P0535 sí P0539 ni ó jẹ mọ́ sẹ́ńsọ̀ kọ́ìlì ìtutù, P0070 sí P0074 sì jẹ mọ́ ti ooru ìta. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tún ní kóòdù tiwọn. Ohun méjì ni ó yẹ kí á kíyè sí. Èkíní, kóòdù wọ̀nyí kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ bàjẹ́. Ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà yípo, láti kọ̀ǹpútà dé sẹ́ńsọ̀ àti padà, ni wọ́n ń tọ́ka sí. Èkejì, P0537 sọ pé nǹkan “wálẹ̀”, P0538 sì sọ pé ó “ga”. Fólítì ni ó wálẹ̀ tàbí tí ó ga, kì í ṣe ooru. Ẹni tí ó bá túmọ̀ P0537 sí pé kọ́ìlì tutù jù ti ka àrokò náà sódì, nítorí pé fólítì tí ó wálẹ̀ ooru ni ó túmọ̀ sí.

6.3 Ìfiwéra òwúrọ̀. Bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú láìṣiṣẹ́, gbogbo ara rẹ̀ á ti ní ooru kan náà. Kí oníṣẹ́ ṣí iná ọkọ̀ láìtan ẹ́ńjìnnì, kí ó sì ka ohun tí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ. Bí ti ìta, ti inú ọkọ̀ àti ti omi ẹ́ńjìnnì bá ń sọ 28°C, tí ti kọ́ìlì sì ń sọ nǹkan bí 12°C, a ti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ìgbésẹ̀ yìí kò ná ni ní kọ́bọ̀, kò sì gba kí á tú nǹkan kan.

6.4 Yíyọ àti síso. Kí á yọ orí wáyà kúrò lára sẹ́ńsọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń kà gbọ́dọ̀ fò lọ sí òtútù líle. Lẹ́yìn náà, kí á fi wáyà kékeré so ihò méjèèjì orí wáyà pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ fò lọ sí ooru líle. Bí ó bá ṣe méjèèjì, ọ̀nà àti olùgbà ti bọ́ nínú ẹ̀sùn. Ìránṣẹ́ tàbí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ ni a ó mú. Bí a bá so wáyà pọ̀ tí ó sì dúró sí 25°C nínú àpẹẹrẹ wa, 10,000 óòmù kan ń bẹ lójú ọ̀nà nìyẹn, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n máa ń fi iye àbá rọ́pò èyí tí wọn kò gbà gbọ́. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, mítà ni kí á fi wo orí wáyà tí a yọ, bóyá 5 fólítì pé síbẹ̀.

Ìkìlọ̀ ṣe pàtàkì níbí. Sẹ́ńsọ̀ ooru oníwáyà méjì nìkan ni a lè ṣe èyí fún. Sẹ́ńsọ̀ ìfúnpá gáàsì oníwáyà mẹ́ta kò gba irú ìsopọ̀ yìí. Kí á má ṣe fi gílóòbù ìdánwò tí rìwáyà fi ń wá iná kan wáyà kọ̀ǹpútà, nítorí iná tí gílóòbù ń fà pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbà lọ. Kí á sì jìnnà pátápátá sí wáyà aláwọ̀ ìyeyè ti àpò afẹ́fẹ́ ìdáàbòbò tí ó wà nítòsí dáṣíbọ́ọ̀dù.

6.5 Dídán ìránṣẹ́ wò. Kí á yọ sẹ́ńsọ̀, kí á fi ọ̀rá tín-ín-rín wé e kí omi má kàn án, kí á sì tì í bọ inú omi tí ó kún fún yìnyín. Nígbà tí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, 0°C ni. Kí á wọn ìdènà rẹ̀, kí á tún gbé e sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí a mọ ìwọ̀n ooru rẹ̀, kí á sì fi iye méjèèjì wé ti inú ìwé àtúnṣe. Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ máa yí padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìfò. A kì í wọn óòmù lára ohun tí iná ṣì wà nínú rẹ̀.

6.6 Dídán ọ̀nà wò. Kí á so ohun gbogbo padà, kí á ṣí iná ọkọ̀, kí á sì wọn fólítì láàárín wáyà ẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ àti ìdí bátìrì. Ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Bí ìpẹtà 10,000 óòmù bá wà lára ẹ́ẹ̀tì nínú àpẹẹrẹ wa, nǹkan bí 1.67 fólítì ni a ó rí níbẹ̀ ní 25°C. Bí a ti ń wo mítà, kí á máa mi wáyà díẹ̀díẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ibi tí nọ́ńbà bá ti fò ni àléébù wà.

6.7 Olùgbà ni ìkẹyìn. Lẹ́yìn tí ìránṣẹ́ àti ọ̀nà bá ti yege, tí ẹ́ẹ̀tì àti iná tí ń bọ́ kọ̀ǹpútà sì pé, nígbà náà nìkan ni a lè fura sí kọ̀ǹpútà. Òun ni ó wọ́n jù, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ òun ni ó jẹ̀bi.

7.0 Ewu ìdájọ́ kánkán

Bí àwọn kan bá rí i pé sẹ́ńsọ̀ ni ó ń dá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dúró, ṣe ni wọ́n máa ń fi rẹsítọ̀ lásán rọ́pò rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè máa rò pé kọ́ìlì gbóná. Éèsì á tutù lọ́jọ́ náà, oníbàárà á sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kọ́ìlì á dì, afẹ́fẹ́ á dáwọ́ dúró, gáàsì tí kò rí ooru gbà kí ó hó tán lè padà sínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ gẹ́gẹ́ bí olómi. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò lè fún olómi pọ̀. Ó lè fọ́. Sẹ́ńsọ̀ kékeré ni a sá fún, ẹ̀rọ ńlá ni a fi san án.

Rírọ gáàsì láìnídìí náà ní ewu tirẹ̀. Gáàsì tí ó bá pọ̀ jù á mú kí ìfúnpá ga kọjá ààlà. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, agbára tí gáàsì R-134a tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò ní láti mú ayé gbóná ju ìlọ́po 1,000 ti káábọ́ọ̀nù oní-ọ́síjìn méjì lọ, ní ìwọ̀n kan náà, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Nítorí èyí ni àdéhùn Kigali ti ọdún 2016 fi ní kí àwọn orílẹ̀-èdè máa dín irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kù. Ẹni tí ó bá tú u dà sí afẹ́fẹ́ kí ó tó rọ tuntun ti pa gbogbo wa lára nítorí ìpẹtà ojú wáyà kan.

8.0 Ìlò rẹ̀ nínú kíláàsì

Iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ tí kò ní ọkọ̀ lè fi ohun èlò wọ̀nyí kọ́ ẹ̀kọ́ òní: òkúta tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta oní-1.5 fólítì, tẹ́mísítọ̀ 10,000 óòmù kan, rẹsítọ̀ 10,000 óòmù méjì, mítà kan, omi yìnyín àti omi gbígbóná díẹ̀.

Kí ó to òkúta tọ́ọ̀ṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lé ara wọn kí wọ́n di 4.5 fólítì. Kí ó so rẹsítọ̀ kan àti tẹ́mísítọ̀ tẹ̀ lé ara wọn, kí ó sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn fólítì ojú tẹ́mísítọ̀. Ní 25°C, wọn yóò rí nǹkan bí 2.25 fólítì. Nínú omi yìnyín, yóò gòkè dé nǹkan bí 3.47. Kí wọ́n ya àwòrán ìlà tí ó so fólítì mọ́ ooru. Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ fi páálí bo wáyà, kí ó sì ki rẹsítọ̀ kejì bọ ojú ọ̀nà láìjẹ́ kí wọ́n rí i. Fólítì tí wọn yóò wọ̀n láti orí wáyà yóò di nǹkan bí 3.00, àwòrán wọn yóò sì sọ fún wọn pé yàrá wọn ti di 10°C. Ara wọn yóò sọ fún wọn pé irọ́ ni. Kí olùkọ́ wá bi wọ́n pé: ta ni ó purọ́? Kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn láìtíì sọ ìdánwò tí ó ṣe àti ohun tí ó rí. Máàkì kò gbọ́dọ̀ wà fún ẹni tí ó kàn dá àbá tí ó sì bọ́ sí i.

9.0 Ìkádìí

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣe àlàyé bí sẹ́ńsọ̀ ooru ṣe ń fi fólítì ṣe àrokò sí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà mẹ́rin tí àrokò náà fi ń bàjẹ́, àti ìgbésẹ̀ tí a lè fi mọ ẹni tí ó jẹ̀bi láàárín ìránṣẹ́, ọ̀nà àti olùgbà. A rí i pé kóòdù kì í dá ẹjọ́. Ẹ̀sùn ni ó ń kà. Ẹni tí ó di mítà mú ni ó ni ìdájọ́. A rọ àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ pé kí wọ́n má ṣe fi kíkọ́ orúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ mọ nìkan tẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn. Kí wọ́n kọ́ wọn ní bí a ṣe ń béèrè, bí a ṣe ń wọ̀n, àti bí a ṣe ń fara da àìmọ̀ títí ẹ̀rí yóò fi dé. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá gba irú ẹ̀kọ́ yìí kò ní fi owó olówó ṣe ìdánwò.